Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: protein skimmer wo ni kí n rà fún táǹkì omi oníyọ̀ mi?

Ẹni tó béèrè, Bódìjà:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo fẹ́ ra protein skimmer, ẹ̀rọ tó ń fi ìfófó yọ ìdọ̀tí kúrò nínú omi ẹja. Táǹkì mi gba omi lítà 270, sump, ìyẹn àpótí omi kejì tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ sí, wà lábẹ́ ẹ̀, ẹja clownfish méjì àti ẹja goby kan ló wà níbẹ̀ báyìí, mo fẹ́ fi àwọn coral rírọ̀, ẹ̀dá inú òkun tó ń lẹ̀ mọ́ àpáta, si tó bá yá. Ẹni tó ń tà á l'Ékòó ní skimmer méjì lọ́wọ́, wọ́n kọ lítà 250 sára ọ̀kan, kò wọ́n, ìkejì lítà 500 ni wọ́n kọ sí i, pọ́ńpù DC ló ní, owó ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Èwo ni kí n mú? Báwo lèèyàn sì ṣe ń tọ́jú ẹ̀, torí iná àdúgbò wa ẹ mọ bó ṣe ń ṣe, á dé, á lọ, á tún dé.

Bọ̀dá Akóbọ̀:
Àbúrò, mú 500 yẹn. Iye tí wọ́n ń kọ sí páálí, táǹkì tẹ́ja ò pọ̀ nínú ẹ̀ ni wọ́n ń rò. Ṣùgbọ́n má tún jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta èyí tó gba 1,000 fún ẹ o, ìdọ̀tí inú omi ẹ ò ní tó ìfófó tó máa gbé, á kàn máa ṣe é lónìí á máa dáwọ́ dúró lọ́la. Pọ́ńpù DC, volt 24 ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, wọn kì í jẹ iná púpọ̀, inverter á lè gbé e. Kó o tó sanwó, bi í bóyá ó máa ń tan ara ẹ̀ padà tíná bá dé, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé o gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnì ni, tó ò bá sí nílé ńkọ́?

Ọmọ Challenge:
Ẹja mẹ́ta péré, skimmer wá ṣe kí ni? Kó ṣáà máa pààrọ̀ omi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ́sẹ̀, ó tó.

Bọ̀dá Akóbọ̀:
Fún ẹja mẹ́ta òótọ́ lo sọ, èèyàn lè ṣe é láìsí skimmer. Àmọ́ iyọ̀ òkun tó máa fi po omi tuntun wọ́n, ó sì ní òun fẹ́ fi coral si. Ìkejì, omi tó bá gbóná kì í gba atẹ́gùn dúró púpọ̀, ooru ìlú wa yìí ò sì kéré, skimmer yẹn ń ti atẹ́gùn sínú omi tọ̀sán tòru, èmi tìtorí ìyẹn nìkan gan-an mo lè rà á.

Bàbá Ẹlẹ́ja Àrọ̀, Ìdó:
Ẹ jọ̀ọ́ ṣé mo lè fi sí pọ́ọ̀ńdù ẹja àrọ̀ mi?

Màmá Àpáta:
Rárá sà. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fọ́ afẹ́fẹ́ sí wẹ́wẹ́ nínú omi, ìgbẹ́ ẹja tó ti yòrò àti ọ̀rá àjẹkù oúnjẹ á lẹ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ yẹn lára, wọ́n á jọ gun òkè, wọ́n á di ìfófó, á dà sínú kọ́ọ̀pù. Iyọ̀ inú omi ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ yẹn dúró wẹ́wẹ́ láìpara pọ̀. Nínú omi kànga tàbí borehole ṣe ló máa para pọ̀ di ńlá ńlá táá sì bẹ́, ìfófó ò ní dúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ èyí tọ́kàn mi wà níbẹ̀ jù. Afẹ́fẹ́ yàrá yín ni skimmer máa ń fà mu. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fín nínú yàrá yẹn inú omi ló ń lọ tààrà! Oògùn ẹ̀fọn tí gbogbo wa ń fín lálẹ́, májèlé gidi ni fún ẹja, ti edé gan-an ló burú jù. Èéfín jẹnẹrétọ̀ náà ńkọ́, ọ̀dà tí wọ́n ń kun ilé ńkọ́? Ẹ ra rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn, ẹ ti ojú tó fi ń fa afẹ́fẹ́ gba fèrèsé síta, ẹ̀gbẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ yín ò sí o, ti ará ilé kejì náà ẹ wò ó. Ẹ ki kànrìnkàn kékeré sẹ́nu ẹ̀ torí eruku ọyẹ́. Tẹ́ ẹ bá sì máa ń ti yàrá pa tan AC, afẹ́fẹ́ ìta yẹn á gbé pH omi yín (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó, tó bá lọ sílẹ̀ omi ti ń kan nìyẹn) sókè díẹ̀, torí carbon dioxide tá à ń mí síta máa ń pọ̀ nínú yàrá títì.

Bọ̀dá Akóbọ̀:
Ẹ ṣeun mà, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ iná náà nìyí: tíná bá lọ, omi inú táǹkì á sàn wá sí sump, sump á kún. Tíná bá wá dé lójijì, skimmer á bẹ̀rẹ̀ nínú omi tó jìn ju bó ṣe yẹ lọ, á kún kọ́ọ̀pù bò, gbogbo omi dúdú tó ti kó jọ á tún padà sínú omi ẹja. Wá tímà tó máa jẹ́ kó dúró bí ìṣẹ́jú 10, kí pọ́ńpù tó ń gbé omi sókè kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ná.

Ìtọ́jú ò le. Tó o bá yọ kọ́ọ̀pù, fi ìka kan inú ọrùn ẹ̀, wàá rí ọ̀rá yíyọ̀ kan tó lẹ̀ mọ́ ọn yíká, ọ̀rá yẹn ló ń dá ìfófó dúró kó má lè gun òkè mọ́, nu ún lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ pẹ̀lú omi lásán, má fọṣẹ kàn án rárá. Ojú tó fi ń fa afẹ́fẹ́, iyọ̀ máa ń dì sí i, da omi lọ́wọ́ọ́wọ́ gba inú rọ́bà yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn bí oṣù mẹ́ta, tú pọ́ńpù, rẹ ẹ́ sínú fínígà funfun àti omi, ìdajì ìdajì, kó fi yọ èépá tó dì sí i lára, fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ̀ ọ́, ṣàn án dáadáa. Bó bá sì jẹ́ tuntun, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó hó bó ṣe yẹ, má máa yí i lójoojúmọ́. Tó o bá fi ìpara pa ọwọ́ má kì í bọ omi, ìfófó máa rọlẹ̀ pátápátá.

Ẹni tó béèrè:
Ẹ ṣé gan-an ni mà, ẹ ṣé sà. 500 yẹn ni mo máa sanwó fún. Omi inú sump mi jìn tó sẹ̀ǹtímítà 28, ṣé kò ní jù fún un?

Màmá Àpáta:
Ìwé tó wà nínú páálí ẹ̀ á sọ bó ṣe yẹ kó jìn tó. Tó bá jù, ẹ wá nǹkan rọ́bà tí kò ní irin lára gbé e lé lórí nínú sump, títí omi á fi dé ibi tí wọ́n kọ.