Táyà wo ló yẹ Hilux tó ń kó iṣu?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Hilux ni mo fi ń kó iṣu láti Ṣakí wá sí Ìbàdàn, táyà 265/65R17 ló ń lò. Àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ báyìí ti dán bí orí apárí, ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan sì ti wú. Fọkanáísà ní kí n ra tòkunbọ̀. Mo yẹ ọ̀kan wò, 2316 ló wà lára rẹ̀: ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2016 ni wọ́n ti ṣe é! Ta ló fẹ́ kú? Tuntun ni màá rà. Ṣé èyí tí wọ́n kọ LT (táyà ọkọ̀ akẹ́rù kékeré) àti lẹ́tà E (àmì bí ẹrù tó lè gbé ṣe pọ̀ tó) sí ni kí n mú? Ó ń gbẹ́rù lóòótọ́, àmọ́ wọ́n ní ó máa ń le, ó sì ń jẹ epo. Ẹ̀yin tó ń gba ọ̀nà Ìsẹ́yìn lójò, èwo lẹ̀ ń lò? Atẹ́gùn mélòó lẹ sì ń fún tẹ̀yìn tí ẹrù bá kún?