Ọ̀rọ̀ wẹ́búsáìtì ẹgbẹ́ wa ti yanjú o

Ọ̀kún o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ wẹ́búsáìtì ẹgbẹ́ ìlú wa ní Kàbà tí mo bi yín níjọ́sí pé ta ló ni ín, èyí tí ọmọ wa kan bá wa ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tí Bàbá Alága ń sọ pé ti ẹgbẹ́ ni torí orúkọ ẹgbẹ́ ló wà lórí ẹ̀, ó ti níbi tó já sí. Lọ́yà kan, ọmọ Mọ̀pà, ló là á yé wa: ẹni tó fọwọ́ ẹ̀ ṣe iṣẹ́ ló ni kópíráìtì (ìyẹn ẹ̀tọ́ tí òfin fún èèyàn lórí iṣẹ́ tó ṣe), bó tiẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́ ló ṣe é, òfin kópíráìtì Nàìjíríà ti ọdún 2022 ní kò lè di ti ẹlòmíì àfi tó bá gbé e sílẹ̀ nínú ìwé. Àmọ́ ẹgbẹ́ lè máa lò ó lọ, ṣebí àwa náà ló ṣe é fún. Fọ́tò, ti ẹni tó yà á ni (ẹnu ya Bàbá Alága, òun ló ṣáà dúró níwájú kámẹ́rà!). Dómeènì (ìyẹn àdírẹ́sì wẹ́búsáìtì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) ò tiẹ̀ sí lára kópíráìtì, ẹni tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ rà á ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ọmọ yẹn náà ni. Mo pè é lórí WhatsApp, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?" Ó ti sáìnì ìwé, ó ti kó pásíwọ́ọ̀dù fún wa, ohun tó ṣáà bèèrè ò ju kí orúkọ òun wà nísàlẹ̀ pééjì àkọ́kọ́. Alága gbà. Ẹ ṣeun gan-an.