Lórí àbá “ìjò omi ìtútù”: àwọn ọ̀rọ̀ tí yóò bá àtúnṣe ọkọ̀ akẹ́rù ọlọ́jọ́ pípẹ́ mu

Àbá tí ó wà níwájú wa ni pé kí a mú “ìjò omi ìtútù” gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a ó máa lò nínú ìwé ìtọ́sọ́nà fún àtúnṣe ọkọ̀ akẹ́rù ọlọ́jọ́ pípẹ́, níbikíbi tí ohun tí ń mú ẹ́ńjìnnì tutù bá ti ń dínkù. Ẹni tí ó dá àbá náà ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ náà kúrú, pé ó rọrùn láti rántí, àti pé kò sí ọ̀nà tí omi lè gbà bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ tí kò kó mọ́ra. Mo mọ rírì iṣẹ́ tí wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ṣe kó ohun gbogbo mọ́ra yìí gan-an ni n kò ṣe lè fara mọ́ ọn, nítorí pé ẹni tí ó fẹ́ tún ọkọ̀ ṣe kò wá orúkọ tí ó pa gbogbo àrùn pọ̀. Ọ̀rọ̀ tí yóò ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì ni ó ń wá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú “omi ìtútù”. Etí tí ó bá gbọ́ ọ kò ní ṣàì gbọ́ “omi tútù” nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tí ó wà nínú ẹ́ńjìnnì tí ń ṣiṣẹ́ kì í ṣe omi tútù rárá. Tamosítáàtì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí ń ṣí ọ̀nà tí ó sì ń tì í gẹ́gẹ́ bí ooru bá ṣe tó, kò tilẹ̀ ní í ṣí ọ̀nà fún un láti gba inú rédíétọ̀ (àpótí irin tí atẹ́gùn ti ń mú un tutù) kọjá àfi ìgbà tí ó bá gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 82 sí 90. Èyí tí ó tún wúwo ju ìyẹn lọ ni pé “omi” lè ṣi olùkà lọ́nà. Ohun tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀ jẹ́ àdàpọ̀, ní ìdajì sí ìdajì lọ́pọ̀ ìgbà, láàárín omi tí a ti yọ èròjà ilẹ̀ kúrò nínú rẹ̀ àti ethylene glycol, pẹ̀lú àwọn èròjà tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà. Bí ìwé bá ní kí ènìyàn bu omi ìtútù kún un, omi lásán ni yóò bù, ìpẹtà yóò sì bẹ̀rẹ̀ láti inú wá. Glycol tún jẹ́ májèlé tí ó dùn lẹ́nu, tí ajá àti ológbò máa ń lá bí wọ́n bá bá a nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ orúkọ tí ó bá pè é ní omi kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kánjú gbá a kúrò. Kúláǹtì ni àwọn mẹkáníìkì àti àwọn awakọ̀ ń pè é; ẹ jẹ́ kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí “omi” sì dúró fún omi.

Ní ti “ìjò”, àṣà ìkọ̀wé wa lónìí kò lè gbé e. Púpọ̀ nínú àwọn tí yóò ka ìwé yìí lórí fóònù ni yóò tún un kọ ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn láìfi àmì sí i, “ijo” tí kò ní àmì sì lè jẹ́ ijó, ó sì lè jẹ́ ìjọ. “Jíjò” ti wà nílẹ̀, òun ni à ń lò fún òrùlé àti fún garawa, kò sì sí ohun tí ó ṣe é tí a fi ní láti dá òmíràn. Àmì ohùn gan-an ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé “jó” àti “jò” jọ ń ṣiṣẹ́ ní àyíká ẹ́ńjìnnì kan náà. Gáskẹ́ẹ̀tì (ohun pẹlẹbẹ tí a fi ń dí àlàfo láàárín irin méjì) tí ó ń jò yàtọ̀ sí gáskẹ́ẹ̀tì tí ó ti jó: ti àkọ́kọ́ lè máà ju kí kúláǹtì máa yọ díẹ̀díẹ̀ níta lọ, ti èkejì sì ni pé iná inú sílíńdà, níbi tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, ti jẹ ẹ́ já, a ó sì ní láti ṣí orí ẹ́ńjìnnì. Bákan náà, rédíétọ̀ tí wọ́n jó ni èyí tí wọ́n ti fi iná àti irin dí ihò rẹ̀, rédíétọ̀ tí ó ń jò sì ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn. Ìwé tí kò bá fi àmì sí ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí kò yẹ ní títẹ̀ jáde.

Lábẹ́ jíjò, mo rò pé ó yẹ kí a jẹ́ kí àwọn ọ̀rọ̀ ìṣe wa tẹ̀lé ohun tí ojú rí. Ẹni tí ó ń wá ibi tí kúláǹtì ń gbà jáde, orísun ni ó ń wá, ìsun sì wà nínú orísun, nítorí náà kò sí ìdí tí a ó fi pa “sun” tì. Hóòsì tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó máa ń sun níbi tí kílíìpù ti dì í mú: kò ní sí ẹ̀kán kankan nílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ yóò rin, tàbí kí èépá funfun tàbí aláwọ̀ ewé ti gbẹ mọ́ ọn, nítorí pé ooru ń fa omi inú rẹ̀ gbẹ kí ó tó balẹ̀. Bí ó bá ń kán, a ó rí i nílẹ̀, àmọ́ ibi tí ó kán sí kì í sábà jẹ́ abẹ́ orísun rẹ̀ gan-an, torí pé atẹ́gùn fáànù àti ìrìn ọkọ̀ a máa tì í sẹ́yìn, kúláǹtì náà a sì máa tọ ara irin lọ kí ó tó já bọ́. Bí ó bá ń tú jáde, a jẹ́ pé hóòsì ti bẹ́ tàbí pé rédíétọ̀ ti lu. Olùkà tí ó bá ka sísun, kíkán tàbí títú ti mọ bí ihò náà ṣe tóbi tó àti bóyá ó yẹ kí ó pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀.

Sísun ni ó ṣòro jù láti rí, nítorí pé àwọn ihò kan kì í sun àfi ìgbà tí agbára inú rédíétọ̀ bá ń tì wọ́n. Ìdí nìyí tí mẹkáníìkì fi máa ń dúró kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, kí ó tó ṣí ìdérí, kí ó de pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ tí ó ní géèjì mọ́ ẹnu rédíétọ̀, kí ó sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i dé ìwọ̀n tí a kọ sára ìdérí náà, èyí tí ó sábà máa ń wà láàárín PSI (òṣùwọ̀n agbára tí ń ti nǹkan) 13 àti 16, kí ó wá máa wo géèjì náà bóyá yóò lọ sílẹ̀. “Ìfúnpá” tí àwọn kan ń lò fún agbára yìí kò burú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfúnpá tí à ń dè mọ́ apá ni yóò kọ́kọ́ wá sọ́kàn àgbàlagbà. N kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn.

Ibi tí “ìjò” ti kùnà jù lọ ni ti ọkọ̀ tí ń pàdánù kúláǹtì láìsí ohun tí ó rin níta. Awakọ̀ ti ní ọ̀rọ̀ fún èyí: “ó ń mu omi.” Ọ̀rọ̀ náà péye, nítorí pé ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni ó ń gbé e mì. Bí tọ́ọ̀pù gáskẹ́ẹ̀tì, èyí tí ó wà lábẹ́ orí ẹ́ńjìnnì, bá ti jó, kúláǹtì lè wọ inú sílíńdà, èéfín funfun tí òórùn rẹ̀ dùn yóò sì máa jáde ní sàláńsà kódà lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná dáadáa. Ó lè wọ inú ọ́ìlì, kí ọ́ìlì náà funfun bí wàrà. Èéfín sílíńdà sì lè wọ inú rédíétọ̀, kí kúláǹtì máa hó yẹ́ẹ́yẹ́ẹ́ nígbà tí kò tíì gbóná. Oògùn olómi aláwọ̀ búlúù kan wà tí a ń fa afẹ́fẹ́ orí rédíétọ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, tí ó sábà máa ń di yẹ́lò bí èéfín bá wà níbẹ̀. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ńlá kan, kúláǹtì máa ń yí ara sílíńdà ká ní tààrà, òrùka rọ́bà nìkan ni ó sì yà á kúrò lọ́dọ̀ ọ́ìlì. Bí òrùka náà bá gbó, ẹ́ńjìnnì yóò máa mu omi láìjẹ́ pé gáskẹ́ẹ̀tì ní àbùkù kankan. Àlà tí mo fẹ́ kí a fi sáàárín wọn nìyí: ohun tí ojú tàbí ọwọ́ lè dé ń jò, ohun tí ẹ́ńjìnnì gbé mì ni ó mu. Nítorí náà, rédíétọ̀ kékeré tí ń mú yàrá awakọ̀ gbóná ń jò ni bí ó bá rin kápẹ́ẹ̀tì, tí ó sì fi ìkùukùu bo gíláàsì iwájú, bí a kò tilẹ̀ rí ẹ̀kán kankan lábẹ́ ọkọ̀.

Ọ̀kan tún wà tí kì í ṣe jíjò, tí kì í sì í ṣe mímu. Omi lásán máa ń hó ní ìwọ̀n Celsius 100, ṣùgbọ́n lábẹ́ PSI 15 kò ní hó títí yóò fi dé nǹkan bí 121, àdàpọ̀ kúláǹtì sì tún lè kọjá ìyẹn. Bí sípíríǹgì ìdérí rédíétọ̀, tí ń pa agbára yẹn mọ́, bá ti rọ̀, kúláǹtì yóò hó ṣáájú àkókò, yóò sì kún dànù. Ẹ jẹ́ kí a kọ “kún dànù” síbẹ̀, kí ẹni tí ìdérí lásán ni ó yẹ kí ó pààrọ̀ má baà máa wá ihò tí kò sí.

Ọ̀rọ̀ tuntun tí a nílò ní tòótọ́ ni ti ihò kékeré tí ó wà lábẹ́ wọ́tà pọ́ǹpù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí kúláǹtì kán síta nígbà tí èdìdì inú pọ́ǹpù bá ti jẹ, kí ó má baà wọ inú bíárìn tí ọ̀pá pọ́ǹpù ń yí lórí rẹ̀. Mo gbọ́ “ihò olófòófó”, ó sì dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tí a kò fẹ́ràn ni olófòófó, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò sì fẹ́ dí i lẹ́nu, ohun tí a kò sì gbọ́dọ̀ ṣe sí ihò yìí nìyẹn. “Ihò ìkìlọ̀” ni mo fara mọ́. Bí ó bá ti ń kán déédéé, pọ́ǹpù ni a ó pààrọ̀.

Wọ́n tún dábàá “oògùn ìjò” fún ìyẹ̀fùn tàbí àdàpọ̀ tí à ń dà sínú rédíétọ̀ kí ó lè dí ihò. Mo bẹ̀ yín, kí a má ṣe pè é ní oògùn. Kò mọ ihò yàtọ̀ sí ọ̀nà tóóró tí kúláǹtì ń gbà kọjá, ó sì lè dí méjèèjì, pàápàá nínú rédíétọ̀ kékeré ti yàrá awakọ̀, tí ọ̀nà inú rẹ̀ tín-ín-rín. “Ìdíhò” ni kí a kọ, kí àlàyé tí yóò wà níwájú rẹ̀ sì sọ pé ohun tí a lè fi gbé ọkọ̀ dé ibi àtúnṣe ni, pé bí rédíétọ̀ náà bá jẹ́ ti bàbà àti idẹ a lè jó o, àti pé bí ó bá jẹ́ ti alumíníọ́ọ̀mù tí orí rẹ̀ jẹ́ ike, pípààrọ̀ rẹ̀ ni ó sàn jù.