Ṣé kí n dúró ti ìwádìí kọ̀ǹpútà, àbí kí n gba iṣẹ́ báńkì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kubwa ni mo ń gbé l'Ábújá níbí, mo sì ń ṣe másításì nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Bí kọ̀ǹpútà ṣe lè fi àmì ohùn sí Yorùbá táwọn èèyàn kọ láìfàmì sí ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ẹni tó bá kọ “oko” lásán, ta ló mọ̀ bóyá ọkọ ni, ọkọ̀ ni, tàbí ọkọ́?

Wàhálà mi ni pé èmi nìkan ni mò ń dá a ṣe. Oṣù kẹta rèé tí ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ti ní kí n ṣáà máa ṣe é lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n jáwọ́, kí n gba iṣẹ́ báńkì tó yọjú ní Wuse.

Mo mọ̀ nípa Masakhane, àwọn olùwádìí tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè Áfíríkà, àti Deep Learning Indaba, ìpàdé àwọn olùwádìí ẹ̀rọ tó ń kọ́gbọ́n nílẹ̀ Áfíríkà, tó bẹ̀rẹ̀ ní South Africa lọ́dún 2017. Ojú ló ń tì mí láti kàn sí wọn (n ò tíì tẹ ìwádìí kankan jáde rí).

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yìí, báwo lẹ ṣe rí ẹni fà yín lọ́wọ́? Ṣé a rí ẹni tó wà ní Zaria tàbí Kaduna tá a lè jọ máa ṣe é? Ọjọ́ Ajé ni báńkì ń retí èsì mi.