Ṣé kí n gba ilé ní àdúgbò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè yìí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo rí ilé oníyàrá méjì kan nítòsí àárín ìlú. Ẹsẹ̀ ni màá fi rìn dé ibi iṣẹ́ ní 20 ìṣẹ́jú, owó rẹ̀ kò sì wọ́n.

Mo lọ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́sàn-án, ó wù mí gan-an: wọ́n ń kun ilé kan lọ́dà lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tó tẹ̀ lé e ti di àlàpà, igi ti hù yọ lójú fèrèsé rẹ̀. Alẹ́ ló kọ mí lóminú. Iná òpópónà mẹ́ta ni mo kà láti ibùdókọ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ẹyọ kan ló ń tàn.

Èyí tó ń já mi láyà jù ni owó ilé. Bí àdúgbò bá ti ń lókìkí, àwọn onílé a máa fi owó lé owó, àwọn tó ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́ a sì kó jáde. Mi ò fẹ́ kó ẹrù wọlé lónìí kí n tún máa dì í lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé irú ibẹ̀ rí, ṣé onílé máa ń gbà kí a kọ iye owó ọdún méjì tàbí mẹ́ta sínú ìwé àdéhùn? Kí lẹ wò tí ẹ fi mọ̀ pé àdúgbò náà ń dára sí i lóòótọ́, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn ẹnu alágbàtà? Ariwo ilé kíkọ́ ńkọ́, ṣé ó ṣeé fara dà? Mo gbọ́dọ̀ fún wọn lésì kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.