Ṣé kí n yọ orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú kúrò nínú eré àwọn ọmọ wa?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn, èmi ni mo sì ń bójú tó ẹgbẹ́ eléré àwọn ọmọ kíláàsì àgbà. Eré tí a ń múra rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí Augusto Boal, ọ̀gá eléré ọmọ Bràsíl, gbé kalẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba ológun Bràsíl ti fi í sẹ́wọ̀n lọ́dún 1971: àwọn òṣèré yóò ṣe é tán, wọn yóò tún un bẹ̀rẹ̀, òǹwòran tí ọ̀rọ̀ náà kò bá sì tẹ́ lọ́rùn yóò pariwo “Dúró!”, yóò gorí ìtàgé, yóò gba ipò ẹni tí wọ́n ń ni lára. Ìtàn ọmọbìnrin ọmọ ọdún 18 kan ni tiwa, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ alága ẹgbẹ́ òṣèlú ní wọ́ọ̀dù, tí ó sì ti yan ẹni tí ọmọ náà yóò dìbò fún kí káàdì ìdìbò rẹ̀ tó jáde.

Níbi ìdánrawò, ọmọ SS2 kan tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì ló pariwo “Dúró!”. Ó kúnlẹ̀ níwájú “bàbá”, ó ní: “Ẹ̀yin lẹ sọ mí lórúkọ, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìka tèmi ni wọn yóò tẹ̀ sínú tàdáwà.” Ọmọkùnrin tí ó ń ṣe bàbá ká ìwé ìròyìn ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó tún un ká sí mẹ́rin, kò rí èsì fọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, òbí méjì pè mí pé a ń kọ́ ọmọ àwọn ní àfojúdi, àti pé orúkọ ẹgbẹ́ àwọn ló wà nínú eré. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Olùkọ́, ẹ yọ orúkọ náà. Bí àwọn ènìyàn bá ti gbọ́ ọ, ìpolongo ìbò ni wọn yóò máa wò, wọn kò ní rí ilé tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ pe àwọn òbí wá, kí ẹ sì gbà kí àwọn náà gorí ìtàgé gba ipò bàbá, nítorí àánú ọkùnrin yẹn ń ṣe mí.

Ọmọ Òṣogbo: Yíyọ orúkọ kò gba ẹnikẹ́ni là. Ọba kan àti igbákejì rẹ̀ ni Hubert Ògúndé fi pa òwe nínú *Yorùbá Ronú* lọ́dún 1964, síbẹ̀ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ eléré rẹ̀. Bí ẹ óò bá yọ ọ́, kí ó má jẹ́ nítorí ìbẹ̀rù.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì: Atọ́kùn eré kò gbọdọ̀ dá ẹjọ́, kí ó kàn bi àwùjọ pé, “Ṣé èyí ṣeé ṣe nílé yín?” Ọmọ tí ó bá fẹ́ ẹgbẹ́ bàbá rẹ̀ látọkàn wá náà gbọ́dọ̀ rí àyè sọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kí bàbá ọmọ SS2 yẹn tó jókòó wòran, ẹ pe ọmọ náà sẹ́yìn, kí ẹ bi í bóyá ọ̀rọ̀ ilé wọn ló sọ.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. A ti yọ orúkọ náà, mo sì ti pe ọmọ náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá òun kò tilẹ̀ dìbò rí; ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí wọ́n ní dandan kí òun lọ kà ló wà lọ́kàn òun.