Malt lálaalẹ́, aṣọ iṣẹ́ ò wọ̀ mí mọ́: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbúrò tuntun, Coventry
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti dé ibí, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, òru ni wọ́n sì máa ń fi mí sí jù. Kí oorun má baà gbé mi lọ, mo ń mu malt kan láago mẹ́wàá, energy drink kan láago méjì òru, màá tún mu ọsàn inú páálí bí mo bá délé. Aṣọ iṣẹ́ mi ò ṣeé dì ní bọ́tìnì mọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mò ń jẹun gidi lójúmọ́!

Ìyá Ìbejì, Leeds
Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Ohun tí ò ń mu ni. Ṣúgà tí a bá mu kì í yó ni. Ó wọlé tán, ebi ṣì ń pani. Nígbà tí mo bí àwọn ìbejì, malt ni gbogbo ẹni tó wá kí mi ń gbé wá, wọ́n ní yóò fún mi lẹ́jẹ̀. Láàárín wa, ta ló ń ka malt mọ́ ṣúgà?

Yí agolo náà sẹ́yìn, wo ibi tí wọ́n kọ "of which sugars" sí. Iye tó wà níwájú rẹ̀, ti 100ml ni, kì í ṣe ti odindi agolo. Ibẹ̀ ni ojú ti ń tan ni. Coca-Cola pupa jẹ́ gíráàmù 10.6 nínú 100ml. Agolo 330ml di 35 nìyẹn. Fi gíráàmù 4 ka ṣúgà oníhóró kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mẹ́sàn-án. NHS, ilé iṣẹ́ ìlera ìjọba ibí, sì ní kí ṣúgà àgbàlagbà má kọjá gíráàmù 30 lóòjọ́. Èso tí o jẹ lódindi kò sí nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n ọsàn inú páálí wà níbẹ̀: 150ml ni kó mọ lóòjọ́, ife kékeré.

Nọ́ọ̀sì, Houston
Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, "Added Sugars" ni kẹ́ ẹ wò. Ìgò Coke 20 oz tí wọ́n ń tà nílé epo, gíráàmù 65 ló wà nínú rẹ̀. Mo sì bẹ̀ yín, ẹni tó bá ń gba abẹ́rẹ́ insulin, kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó gé ṣúgà kù, kí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà já wálẹ̀ jù.

Bàbá onítakisí, Lọ́ńdọ̀nù
Má já a lẹ́ẹ̀kan náà. Ààbọ̀ malt, ààbọ̀ omi, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kẹrin 2018 ni ìjọba ibí ti ń gba owó orí lórí ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n fi ṣúgà sí, tí ṣúgà rẹ̀ bá ti tó gíráàmù 5 nínú 100ml. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló dín ti wọn kù. Torí náà, ìgò méjì tó jọra lórí pẹpẹ lè máà rí bákan náà. Ka ẹ̀yìn rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Leeds
Sóbò ni kí o máa gbé lọ síbi iṣẹ́. Ṣan ewé náà dáadáa nítorí iyanrìn. Sè é pẹ̀lú atalẹ̀ tí o gún, kànáfùrù mẹ́ta, àti èèpo ọ̀pẹ̀yìnbó tí o ti fọ̀ mọ́. Èèpo yẹn ló ń pa kíkan rẹ̀. Dé e títí yóò fi tutù, kí o wá sẹ́ ẹ. Má bu ṣúgà sí i rárá. Aláboyún àti ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ bèèrè lọ́wọ́ dókítà kẹ́ ẹ tó máa mu ún. Kí o sì jẹ ẹ̀wà tàbí ẹyin kí o tó jáde nílé, àbúrò mi. Ebi wà lára ohun tí ò ń pè ní oorun yẹn.

Àbúrò tuntun, Coventry
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti pé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Tíì tí kò ní ṣúgà ni mò ń mu láago méjì òru báyìí. Kílò kan péré ló tíì lọ, ṣùgbọ́n bọ́tìnì ìsàlẹ̀ ti ń dì. Ewé sóbò ló tán, ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa sì jìnnà sí mi.

Ìyá Ìbejì, Leeds
Inú mi dùn gan-an! Wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Jàmáíkà, kí o bèèrè "sorrel". Ohun kan náà ni. Èyí tó gbẹ ni kí o rà o. Wọ́n máa ń da ṣúgà sí ti inú ìgò.